Èékánná Ìjàpá Òkun

Ẹ jókòó tì mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lọ fún ogójì. Dókítà ti wí tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè wí tèmi.

Ẹ mọ ìjàpá òkun ara òkúta ńlá tó wà lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì, èyí tí àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá wò ní erékùṣù wa. Wọ́n ní àwọn ará ìgbàanì ló gbẹ́ ẹ. Irọ́ ni. Èmi ni.

Lọ́dún tí mo gbẹ́ ẹ, òtẹ́ẹ̀lì dá páropáro. Màá máa gbọ́ òkun tó ń mí bí ọmọ tó sùn, ẹyẹ funfun á máa rìn lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò jẹun lórí rẹ̀. Máníjà ní, "Afinimọ̀nà, bí kò bá sí nǹkan tuntun tí wọ́n á wá wò, a máa ti ilẹ̀kùn ni o." Ìyá yín ló ń se oúnjẹ níbẹ̀, èmi ni mo ń mú àlejò kiri. Ibo la fẹ́ gbà?

Mo mú òòlù àti ìṣó ńlá lọ sídìí òkúta náà. Ìkùukùu bo ibẹ̀ débi pé n kò rí ẹsẹ̀ ara mi. Kì í ṣe àsìkò tí ìjàpá òkun ń gòkè wá yé ẹyin, ahun tó ń jẹ koríko nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì ni mo ń wò gbẹ́. Mo fi ẹrẹ̀ àti ewé tútù ra á lára kó lè dà bí ohun àtijọ́. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Nígbà mìíràn, èmi fúnra mi á gbàgbé pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo sọ fún máníjà pé ńṣe ni mo ṣàdédé rí i, pé iṣẹ́ àwọn ará ìgbàanì ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olókùúta, ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Lọ́jọ́ tí máníjà pe ọ̀mọ̀wé kan wá yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Èyí kò sí níbí rí. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀! Ìjàpá òkun wo ló ní èékánná bíi ti ahun? Ẹsẹ̀ tiwọn fẹ̀ bí àjẹ̀ ni."

Ọ̀mọ̀wé náà kọjú sí mi: "Ṣé òótọ́ ni bàbá yìí ń sọ?" Bàbá wo ojú mi. Wọ́n ti mọ̀. Wọ́n kàn ń retí kí ọmọ àwọn sọ̀rọ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, sà. Wọ́n ti ń ṣarán." Háà! Ẹnu mi yìí náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, máníjà gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Aṣarán ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Wọn kò fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọ́ fún mi: "Ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni o kò ṣe re."

Lánàá, mo ní kí wọ́n gbé mi débẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ fún àwọn àlejò. Àbúrò yín obìnrin tó ń mú wọn kiri báyìí fọwọ́ pa mí léjìká, ó rẹ́rìn-ín sí wọn: "Ẹ má dá wọn lóhùn. Arúgbó ni wọ́n."

N kò bínú sí i. Ẹ dárí jì mí. Àmọ́ nígbà tí àwọn ìjàpá òkun bá gòkè wá yé ẹyin, ẹ lọ wo ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ wá wo ti ara òkúta. Kí ẹ wá sọ fún gbogbo ayé pé orí Bàbá Olókùúta pé.