Ohùn Mirella Lẹ́nu Géètì

Ẹ̀yin ọmọ Mirella, ẹ sún mọ́ mi. Àlùfáà ti fi òróró ẹni tó ń kú lọ pa mí lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀, ẹ̀yin ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún. Kì í ṣe Cataldo tó so citofono mọ́ ilé wa ló pa ìyá yín. Èmi ni.

Lọ́jọ́ tí Cataldo gbé ẹ̀rọ náà kọ́ sára ògiri, tó ní bí àlejò bá tẹ bọ́tìnì ní géètì ìsàlẹ̀, a ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè níbí, ìyá yín fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ ibi tí orúkọ yìí ti wá? Cito, Látìnì ni, kíákíá ló túmọ̀ sí. Fono, ohùn ni lẹ́nu àwọn Gíríìkì. Ohùn kíákíá! Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa máa dáhùn, ẹ̀yin tí ìgbín ń fi sílẹ̀ lọ́nà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí dọ́kàn. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí òun lè kàwé!

Láàárọ̀ ọjọ́ burúkú náà, ó tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹlẹ́ja. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀yin wà létí òkun. Controra ni, wákàtí oorun ọ̀sán, gbogbo fèrèsé ìlú Taranto wa ti tì. Alààyè kì í tẹ aago ẹnikẹ́ni ní wákàtí yẹn, àwọn òkú ló ni ín. Aago dún. Mo gbé e sétí.

"Ta ni?"

"Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣílẹ̀kùn. Àyà mi... mi ò lè mí. Kíákíá."

Mo gbọ́. Ó yé mi yékéyéké. Ìkà ni mí! Mo ní, "Ìgbín ṣì ń bọ̀."

Mi ò tẹ bọ́tìnì tó ń ṣí géètì láti òkè. Mo dúró, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, títí mi ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé wáyà. Nígbà tí wọ́n bá òkú rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́nu géètì, mo figbe ta: "Citofono Cataldo ò dún!" Gbogbo yín gbà mí gbọ́. Kò sẹ́ni tó tún pe Cataldo síṣẹ́ mọ́. Rosaria, ìwọ àkọ́bí rẹ̀, o tutọ́ sí i lára níbi ìsìnkú, mo sì ń wò ọ́.

Kò sẹ́ni tó tún wáyà yẹn so. Síbẹ̀, ní controra gbogbo, ó ń dún. Bí mo bá gbé e, "Èmi ni" ló ń wí. Kì í pariwo, kì í bínú. Ó kàn ń mí. Mo ti tẹ bọ́tìnì títí, géètì kò ṣí.

Ẹ lọ bẹ Cataldo, kí ẹ tó ronú àtidárí jì mí. Ẹ ti jẹun ọ̀sán tán, àbí? Ẹ gbọ́ ọ, ó ti ń dún. Rosaria, má gbé e sétí. Sáré sọ̀ kalẹ̀, fọwọ́ ara rẹ ṣí géètì fún ìyá rẹ. Kíákíá.