Ọjọ́ Tí Mo Bí Abíọ́nà Sínú Rélùwéè

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè pọn ọmọ kí n tún ru ẹrù… rélùwéè la fi ń lọ síbi gbogbo. Èyí tí ẹ̀ ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn yìí, tí ẹ wá ń pariwo ẹ̀ kiri Kétu pé ó ní éèsì, ẹ̀ ń pe ìyẹn ní rélùwéè? Ẹ jókòó jàre.

Bàbá àgbà yín, ọkọ mi, gáàdì ni. Ẹ gbọ́, kì í ṣe máígádì ẹnu géètì o! Òun ló ń wà ní kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú àsíá. Tí ò bá tíì ju àsíá, dírẹ́bà wo ló máa gbéra?

Ọ̀fà là ń gbé. Mo lóyún bàbá yín, Abíọ́nà, mo wá ń lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá mi l'Óṣogbo. Ọkọ̀ tí ọkọ mi ń bá lọ lọ́jọ́ náà ni mo wọ̀. A ò tíì dé Ìkìrun tí ìrọbí fi mú mi. Yéè! Ewúrẹ́ lọ́tùn-ún, apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà lósì. Níbo lèèyàn fẹ́ na ẹsẹ̀ sí?

Ọkọ mi sáré lọ sí fáàsì kíláàsì. Ọ̀gá kan dá yàrá gbà, ó na gbalaja. Bàtà ẹ̀ ń dán ju ojú ẹ̀ lọ. Ọkọ mi ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyàwó mi ń rọbí."

"Ṣé ilé ìgbẹ̀bí ni mo sanwó fún ni?" Ló bá ti ilẹ̀kùn gbà! Ọ̀gá kọ́, ọ̀gá ni.

Àwọn mẹ̀kúnnù ló ṣe mí lóore. Àwọn obìnrin tú ìró, wọ́n fi yí mi ká. Àlùháájì tó ni àlùbọ́sà bọ́ babaríga ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí mi ké sí ọkọ mi pé, "Gáàdì, dá nǹkan yìí dúró!"

Ó na àsíá pupa. Ọkọ̀ dúró láàárín igbó. Ibẹ̀ ni mo bí bàbá yín sí.

Ọ̀gá wá yọrí lójú fèrèsé. "Kí la dúró ṣe? Wọ́n ń retí mi!"

Ìyá àgbà ní, "Àwa náà ń retí ẹnì kan. Ó ti dé."

Ọ̀gá lọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí Kafanṣan, lókè Ọya lọ́hùn-ún, wọn ò sì gbé e ga mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyá ọkọ mi ní kí n dúró sílé. Mo ní, ibi tí wọ́n bá jù ú sí, ibẹ̀ ni màá dáná sí. Títí tó fi kú nínú ilé Ìkòsì yìí, bí àwọn ẹbí bá yọ ṣùtì sí i, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ọkọ̀ lè pẹ́. Ọmọ ò lè dúró."

Ó ga o… Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti bàbá yín ń ti Ọjọ́ta bọ̀ nínú mọ́tò ẹ̀. Obìnrin kan ń rọbí lẹ́bàá ọ̀nà, ó di ikùn mú, ó ń nawọ́ sí wa. Abíọ́nà tèmi, ọmọ tí mo bí, ó yí gíláàsì mọ́tò sókè! Ó ní, "Mummy, síìtì yìí ṣì tuntun." Mo ní kó jẹ́ kí n bọ́ọ́lẹ̀. Èmi arúgbó yìí ni mo lọ di obìnrin náà mú kí oníkẹ̀kẹ́ kan tó gbé wa dé ọsibítù. Ọmọbìnrin ló bí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, iwájú mọ́tò lẹ mọ̀ ọ́n wò, ẹ kì í wo ojú ara yín. Ẹ bá mi sọ fún bàbá yín pé kó yé gbé oúnjẹ wá fún mi. Mi ò ní jẹ ẹ́. Àfi tó bá kọ́kọ́ gbé e lọ fún ìyá ìkókó yẹn.