Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà Nínú Ìgò Méjì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. N kò lè gbé e mọ́, torí lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ara ẹlòmíràn ló fẹ́ jìyà ohun tí mo ṣe.

Lapaz ni mò ń gbé. Kíláàsì karùn-ún ni mo ti kúrò nílé ìwé. Iṣẹ́ mi ní ọsibítù kan ní Accra níbí ni kí n máa gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ láti wọ́ọ̀dù lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú máa ń tì mí, n kì í sọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì a ní, "Alata," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, "ṣé inú yìnyín lo kó ẹnu rẹ sí ni?"

Àwọn dókítà ń wá ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù lójijì, ohun tó máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Wọn á gba ìgò kìíní kí wọ́n tó fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Wọn á gba ìkejì lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó yí padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé bàbá Yorùbá kan wá láti Abossey Okai, níbi tó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo ń gbé ìgò rẹ̀ méjèèjì lọ nínú yìnyín, ni ẹsẹ̀ mi bá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Ìdérí ìgò kejì ṣí, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ dà tán. Ẹ̀rù bà mí. Mo da ìdajì ìgò kìíní sínú ìkejì, mo dé e, mo nu ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ pé ó lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Nígbà tí èsì dé, ọgbọọgba ni ìgò méjèèjì. Dókítà ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, àfi bíi pé abẹ́rẹ́ náà ò wọ ara bàbá yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é padà, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ oògùn rẹ̀.

Nígbà tí mo tún pàdé rẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ọmọ mi, wọn ò mà tíì fún mi lábẹ́rẹ́ yẹn."

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti fún yín."

Ó mi orí. "Ẹnì kan ni wọ́n fún. Wọ́n ti pín mi sí méjì. Èkejì mi ṣì wà lórí àtẹ̀gùn yẹn, ó ń tutù."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá, kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n fi tì í wọlé, ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n gbà. Kò dé ẹ̀yìn yẹn rí. Èmi nìkan ni mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, mo máa ń fara mọ́ ògiri, bí ẹni ń yà fún àgbàlagbà.

Lánàá, dókítà ní lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn yóò ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú iṣan bàbá títí dé ọkàn rẹ̀, kí àwọn lè rí ohun tó ń ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ wá láti Darkuman, ó ń sunkún. Yorùbá nìkan ló gbọ́. Dókítà wá yíjú sí mi pé kí n bá òun sọ fún un pé kò séwu.

Mo sọ ọ́. Obìnrin náà dì mọ́ mi, ó ń ṣàdúrà fún mi.

Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi. Bí n kò bá jẹ́wọ́, wọ́n á la ara ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Irú ẹnu wo ni kí n fi lọ bá obìnrin yẹn?