Wọ́n Ti Wọ Bàtà

Ní ọgbà mẹ́káníìkì kan ní Ṣakí, níbi tí mo ti ń dúró kí wọ́n lẹ táyà ọ̀kadà tó gbé mi, mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń bẹ mẹ́káníìkì nítorí ọkọ̀ rẹ̀.

“Ọ̀gá, àná lẹ pààrọ̀ páàdì àti dísìkì. Kí ló tún dé tí táyà ń gbóná?”

“Àlàájì, mo tẹ bíréèkì, ó di táyà mú, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò tú u sílẹ̀. Ìgbà tí mo tú nọ́ọ̀tì tí òróró ń gbà jáde ni táyà tó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ́ọ̀sì, rọ́bà tí òróró bíréèkì ń gbà kọjá, ló wú nínú. Òróró ń wọlé, kò lè padà.”

“Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn.”

“Kò sí irú ẹ̀ ní Ṣakí. Ó di Ìbàdàn.”

“Ìbàdàn náà ni mo fẹ́ gbé ìyá mi lọ! Òní ni dókítà ní kí wọ́n wá. Dírẹ́bà tí mo háyà láàárọ̀ rí bí àìsàn ti sọ wọ́n dà, ó lóun kì í gbé òkú. Tí mo bá rọra wà á ńkọ́?”

“Kẹ́ ẹ tó dé Ìsẹ́yìn, á ti gbiná.”

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Wọ́n ti wọ bàtà,” ó ní. “Láti ìdájí ni wọ́n ti ń dúró dè mí.”

Àánú ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí, torí èmi náà ní ìyá, n ò sì ní ọkọ̀ kankan. Fóònù rẹ̀ dún. Ó ń wò ó títí ó fi dákẹ́.

“Wọ́n ti wọ bàtà.”