Ẹ̀wà Tí Mo Fún Wúrà

Màmá, ẹ má tíì di ẹrù yín. Ṣẹ́gunfúnmi, àbúrò ọkọ mi, pe Wúrà ìyàwó rẹ wá kó jókòó. Ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ tí àwọn ìbejì Wúrà ti kúrò ní Warri, mo fẹ́ pọ̀ ọ́ síta lónìí. Bí ẹ bá tutọ́ sí mi lójú lẹ́yìn rẹ̀, mo gbà.

Èmi ni mo kọ́ Wúrà ní páì adìẹ tí mo ń tà. Àwọn tí irinṣẹ́ wọn pé ní irin wẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dà sórí ìyẹ̀fun pípò kó má baà wú nínú ófùn. Èmi ò ní, ẹ̀wà gbígbẹ ni mo ń lò. Mo fi hàn án bí a ṣe ń tẹ́ ìyẹ̀fun sínú páànù, tí a ó fi fọ́ọ̀kì gún un nísàlẹ̀, tí a ó tẹ́ bébà lé e, tí a ó da ẹ̀wà sí i, tí a ó sì yan án ṣáájú kí adìẹ tó wọ inú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò sọ fún un: ẹ̀wà tó bá ti wọ ófùn léraléra, kò sí iná tó lè mú un rọ̀ mọ́.

Kò pẹ́ ni mo gbọ́ pé páì Wúrà ni Agatha, oníbàárà mi ní Deco Road, fi ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Mo ní ó ti gba oníbàárà mi. Ẹni tí mo fi ìdí iṣẹ́ mi hàn! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mi ò bi í léèrè o. Ká ní mo bi í ni! Mo kàn ń rẹ́rìn-ín sí i, mo sì ń dì í sínú.

Màmá, ìgbà tí ẹ dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ ní kí Wúrà se ẹ̀wà ìbejì fún àwọn ọmọ àdúgbò, èmi ló sá tọ̀ wá. "Àǹtí, abeg, ẹ bá mi ra ẹ̀wà ní Enerhen, these twins no gree me comot." Mi ò dé ọjà kankan. Ẹ̀wà inú ike páì mi ni mo dà fún un, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ náà: ẹ̀wà hó títí gáàsì fi tán, wọ́n gbé e sórí èédú, kò rọ̀. Àwọn ọmọ gbé abọ́ òfìfo lọ sílé. Wúrà ń sunkún, "Àǹtí, wetin I do wrong?" Èmi ìkà yìí ni mo ń bá a nu ojú.

Èyí tó burú jù nìyí. Nígbà tí ibà mú Kẹ́hìndé, Màmá, ẹ pè mí sí kọ̀rọ̀, ẹ ní, "Ṣìkẹ́mi, ṣé ẹ̀wà yẹn dára níbi tí o ti rà á?" Ọ̀nà àbáyọ ni Ọlọ́run ṣí sílẹ̀ fún mi láti jẹ́wọ́, mi ò gbà á. Mo ní, "Màmá, ara rẹ̀ ni mo sè fún àwọn ọmọ tèmi, ó rọ̀ dáadáa. Bóyá àwọn ìbejì ni ò fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá wọn." Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ fi kó àwọn ọmọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

Agatha ló là mí lójú lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. "Wúrà no tell you? That time wey malaria hold you, na she say make I no find another person. She tell everybody say na your pie." Àṣé ó bá mi yan páì yẹn nígbà tí mo ń ṣàìsàn ni; ó ń ṣọ́ orúkọ mi, èmi sì ń ba tirẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀ mo tún dákẹ́, ẹ̀rù ojú yín ń bà mí.

Lánàá tí ẹ kó wọn wá kí wa lẹ́yìn ọdún méjì, Wúrà na ọwọ́ sí Kẹ́hìndé. Ọmọ sá sẹ́yìn yín, ó ní, "Màmá, ta ni àǹtí yìí?" Mo rí ojú Wúrà, mi ò sì lè pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra mọ́.

Màmá, ọwọ́ Wúrà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn padà. Wúrà, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Wọ yàrá lọ, àwọn ọmọ rẹ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Tí wọ́n bá jí, tí wọ́n bi ọ́ pé ta ni ọ́, sọ fún wọn.