Ìkòkò Aró Ìyá Mi

Lọ́dún tí àwọn ológun tún gba ìjọba, ìyá aláró kan ará Òwu àti obìnrin ọlọ́mọ kan jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn l'Abẹ́òkúta, obìnrin náà sì ń wo báńdéèjì tí wọ́n fi wé ẹsẹ̀ ìyá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Ara yíyún ló kọ́kọ́ dé, ọmọ mi. Ọdún mẹ́fà gbáko ni awọ ara mi fi ń bó. Mo ní sódà tí a fi ń po aró ni."

"Ẹ ò sì wá síbí?"

"Aláró wo lọwọ́ ẹ̀ ń dán? Nígbà tó sú mi, mo fọ́ ìkòkò aró tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara ò yéé yún. Lóṣù tó kọjá mo tẹ ẹ̀yinná, n ò mọ̀. Òórùn ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, pé òun ló ti ń ba awọ mi jẹ́ látọjọ́ yìí."

"Ẹsẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Wọ́n á gé e lọ́la."

Ìyá fa ìró bo ẹsẹ̀ náà.

"Ìkòkò ìyá mi ò ṣẹ̀ mí," ó wí. "Ara mi ló ń ké, aró ni mo ń bá wí."