Ohun Tó Ba Kọ̀ǹpútà Ìyá Rẹ Jẹ́

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ̀yin méjèèjì, ìyá àti ọmọ, jókòó. Ìwọ ọmọ, mo mọ̀ pé nítorí ẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ lo ṣe wá wò mí, kì í ṣe nítorí tèmi, n kò sì bá ọ wí. Dókítà ti sọ ibi tí àrùn ẹ̀dọ̀ mi bá a dé. Kò fi bò fún mi, èmi náà kò ní fi nǹkan bò fún yín mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Bí mo bá gbé e lọ sí sàréè, ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tìrẹ ni o ó máa rù kiri títí ìwọ náà ó fi darúgbó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn, torí bí mo bá dúró láàárín, n kò mọ̀ bóyá n ó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Kọ̀ǹpútà tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ kọ́kọ́ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bùọ̀dá. Kò fẹ́ tan mọ́. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, fáànù á yí lẹ́ẹ̀kan, á kú. N ó tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ á fi máa ro mí kó tó dìde." Ó ní ìwé títẹ̀ tí òun fi ń bọ́ ọ, orí rẹ̀ lòun ti ń ṣe é. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ohùn bàbá rẹ wà nínú rẹ̀, àwọn ìtàn tó kà sí i nígbà tó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ lọ, tó máa ń pè ọ́ ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, àti pé o kì í sùn láìgbọ́ ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn." Mo ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà, èmi ni.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ. Mo pààrọ̀ wáyà iná rẹ̀, mo tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, mo yọ mẹ́mórì inú rẹ̀, mo fi ìrésà tí àwọn ọmọléèwé fi ń pa nǹkan rẹ́ nu ẹnu rẹ̀, mo dá a padà. Fáànù yí, ó kú. Mo wá tú pawa páàkì rẹ̀, àpótí irin tó ń gba iná láti ara ògiri, tó sì ń pín in fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà. Àwọn agolo kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ ti wú lórí, nǹkan rúsúrúsú sì ti ń sun létí ọ̀kan. Ohun tó ń ṣe é nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pawa páàkì tó dára wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi. Àmọ́ mo ti dá àpárá kan, ìyá rẹ sì ti rẹ́rìn-ín sí i, ó sì ti pẹ́ tí obìnrin ti rẹ́rìn-ín sí àpárá mi. Mo rò ó pé bí mo bá tún un ṣe dáadáa, kò ní padà wá mọ́. Mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ lọ́wọ́ onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fẹ́ ooru sí àwọn agolo wíwú yẹn, mo tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà tan. Àwa oníṣẹ́ mọ ọgbọ́n yẹn. A máa ń fi í mọ ibi tí àrùn wà ni, a kì í fi í ṣe oògùn. Èmi fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Jókòó, ìyàwó mi, kò tíì tán. Ọmọ, ooru á kúrò lára àwọn agolo yẹn, kọ̀ǹpútà á kú, ìyá rẹ á tún gbé e wá. Nígbà tó yá, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, n ó máa wá sílé. Ẹ̀dà ohùn bàbá rẹ tó ní kí n ṣe, mo ń sún un síwájú, torí àwáwí kan nìyẹn tí mo tún fi lè wá. Onídìrí yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí mo tún lọ yá ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, "Bùọ̀dá, bí obìnrin yìí bá wù yín, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣé nǹkan yẹn kò ní bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ báyìí?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èmi gan-an mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó pé pawa páàkì tó ti wú báyẹn lè ta iná àpọ̀jù sí dísìkì tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, kó sun ún. Mo ṣáà ń sọ fún ara mi pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé. Ìyá rẹ pè mí lórí fóònù pé ó tún ti kú, pé òun ń lọ kó ìwé tí òun ti tẹ̀ fún oníbàárà, kí n wá wò ó, ọmọ wà nílé. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún mi. Aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ. O ní, "Ẹ kú òjò, Bùọ̀dá. Ẹ bá mi ṣe é kíákíá, mi ò tíì gbọ́ ìtàn àná parí." Mo ní kí o bu omi wá fún mi, o sì lọ sí kíṣìnnì. N kò mú ẹ̀rọ onídìrí dání. Òtútù ti wọ inú kọ̀ǹpútà náà, kò tilẹ̀ mira. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ bàtà ìyá rẹ lórí àtẹ̀gùn, ó ti ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà. Mo fẹ́ kó wọlé bá a ní títàn, kó tún rẹ́rìn-ín sí mi. Mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo mú wáyà kékeré kan, mo fi so ojú iná méjì pọ̀ láti fi ipá jí i. Nǹkan ta pàà nínú rẹ̀. Èéfín yọ, òórùn ike tó jóná gba gbogbo iyàrá. Ìwọ ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú ife omi mi. Ìró yẹn dẹ́rù bà ọ́, omi dànù lẹ́bàá tábìlì, ìyá rẹ sì ṣí ilẹ̀kùn.

Ó wo èéfín, ó wo omi nílẹ̀, ó wo ife lọ́wọ́ rẹ. Ó ní, "Kí lo dà sí i?" O ní, "Mi ò da nǹkan kan sí i, Màámi. Bùọ̀dá ló ní kí n gbé omi wá. Ẹ bi wọ́n." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé omi ni?" Ìwọ náà ń wò mí. Ẹ̀rù kò bà ọ́ rárá. O gbà pé àgbàlagbà ni mí, pé n ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Omi ni." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ kì í ṣe é kó. Èmi kò tilẹ̀ gbìyànjú àtikó o. Mo tún fi kún un pé, "Ọmọdé ni, ẹ má bá a wí jù." Mo parọ́ mọ́ ọ, mo tún sọ ara mi di alágbàwí rẹ. Ìyá rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo láàánú.

Mo gbé pawa páàkì orí pẹpẹ yẹn wá, mo fi dísìkì tuntun sí i. Ó tan ní títẹ̀ kan. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí o jẹ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ lè tán. O ní o kò ní jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe. Ó ní òun kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ títí o ó fi jẹ́wọ́, ìwọ náà sì dákẹ́. Mo máa ń wá jókòó sáàárín yín, kí n máa dá àpárá. Nígbà tí ó sú ìyá rẹ, ó ní kí o lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ obìnrin. Èmi ni mo gbé àpótí rẹ sínú ọkọ̀. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, ìyá rẹ kò sì sí níbẹ̀. O rọra bi mí pé, "Bùọ̀dá, ṣé omi yẹn tiẹ̀ ta bá a? Mi ò rí i dáadáa." O ti ń fura sí ara rẹ. Ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan ń bẹ̀ mí pé kí n sọ fún òun pé òun kò ṣe é. Mo ní, "Gbàgbé ẹ̀, ọmọ dáadáa," mo pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ ìyá rẹ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi kò sá lọ síbì kankan, inú ilé ló wà tó ń bá mi jẹun. Bí o bá wá kí wa tí o sì lọ, ìyá rẹ á ní, "Ọmọ mi lágídí. Ká ní ó lè tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan péré." N ó gbọ́, n ó yí tẹlifíṣọ̀n sókè.

Omi kò kàn án. Èmi ni mo sun ún. Ọmọ, ohùn bàbá rẹ kò sí lọ́wọ́ mi tí n ó fi dá a padà fún ọ. Dárí jì mí bó bá wá láti inú rẹ, má ṣe é nítorí pé mo dùbúlẹ̀ síbí. Ìyàwó mi, yé wò mí. Ìbínú tí o ní sí mi kò ní sá lọ, bá mi fi í pamọ́ dọ̀la. Ọmọ rẹ ló ń sunkún níbẹ̀ yẹn. Dìde, lọ bẹ̀ ẹ́.